Ẹnì Kan Ṣoṣo tí Ó Ń Gba Ọ̀nà Abà Ògúnjìnmí

Julianah Ọdúntán ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Orí bẹ́ńṣì kan ni a jókòó sí ní Old Garage, ní Òṣogbo, à ń dúró de mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí Iléṣà. Epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, mọ́tò sì ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ó ráyè sọ ọ́ tán. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò wo ojú mi bí ó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Má bi mí bóyá mo gbà á gbọ́. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí wọ́n sọ lójú mi ni mo sọ fún ọ."

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo ni Julianah ti ń tẹ ìwé ní ọdún 1994. Ọ́fíìsì náà ni ó ń yan àwọn ọ̀nà oko tí ìjọba yóò tún ṣe. Lọ́dún yẹn, ọ̀nà méje ni àwọn ará Ìjẹ̀ṣà kọ̀wé béèrè fún. Mẹ́ta péré ni gírédà lè ṣe kí ọdún tó parí. Bí wọ́n sì ṣe máa ń yan mẹ́ta náà kò ṣòro. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo mọ́tò tí ó bá kọjá, á fa ìlà kan fún un lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ bá pọ̀ jù ni gírédà ń lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí ni wọ́n rán lọ sí ọ̀nà Abà Ògúnjìnmí. Ọmọ Òṣogbo ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ogún ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ rélùwéè kí ó tó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Nígbà tí ó wà ní rélùwéè, ẹ̀bá irin ni ó máa ń dúró sí láti ka àwọn wágọ́ọ̀nù bí ọkọ̀ ojú irin bá ń wọlé: èyí tí ó rù àti èyí tí ó ṣófo. Kíkà náà ti mọ́ ọn lára débi pé ohunkóhun kò lè kọjá níwájú rẹ̀ kí ìka ọwọ́ rẹ̀ má mira. Wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ọ́fíìsì. Bí ewúrẹ́ bá gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, Julianah á béèrè pé, "Bàbá Rélùwéè, mélòó ni?"

"Mẹ́rin," ni yóò wí, kò sì ní gbójú sókè. "Ọ̀kan ń tiro."

Abà Ògúnjìnmí wà nínú igbó kòkó, lẹ́yìn Ẹ̀sà-Òkè. Láti títì ọlọ́dà dé inú abà tó máìlì mẹ́ta. Sànúsí jókòó sí ibi tí ọ̀nà abà ti yà kúrò lára títì, lábẹ́ àtíbàbà kan tí ẹnì kan ti ń ta gààrí rí. Ní ọjọ́ kìíní, kò rí mọ́tò. Kò rí máṣìnnì, kò rí kẹ̀kẹ́. Ìyẹn kò yà á lẹ́nu, nítorí ó ti rí bí ọ̀gbàrá ṣe gbẹ́ ọ̀nà náà sí kòtò. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé kò rí èèyàn. Koríko ti hù ní àárín ọ̀nà, ó ga dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ abà náà kò dahoro. Ó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti inú igbó lọ́hùn-ún, ó sì ń rí èéfín iná ọbẹ̀ tí ń gòkè lẹ́yìn igi. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Wọn kò kàn gba ibẹ̀ jáde ni.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, obìnrin kan yọ ní kọ́rọ́ ọ̀nà.

Aboyún ni. Oyún náà ti wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wọ bàtà. Ìró tí ó ró jẹ́ àǹkárá aláwọ̀ ewé tí àwòrán ẹyẹ wà lára rẹ̀. Inú Sànúsí dùn pé òun rí èèyàn nígbẹ̀yìn.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ìyá. Ẹ kú ìrìn."

Obìnrin náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé Uléṣà kù díẹ̀?" Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń pe Iléṣà nìyẹn.

"Ó ṣì kù díẹ̀ o," ni Sànúsí dáhùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì kọjá. Sànúsí yí ọrùn padà sí títì láti wò ó bóyá mọ́tò kan ń bọ̀ tí ó lè gbé e. Kò sí mọ́tò. Nígbà tí ó máa fi bojú wẹ̀yìn wo obìnrin náà, kò sí obìnrin. Títì náà lọ gbọọrọ sí ọ̀tún àti sí òsì, òfìfo ni. Ó rò pé ó yà sínú igbó láti tọ̀. Ó dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wo ilẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó rí, ti bàtà tirẹ̀ ni.

Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún ẹlẹ́sẹ̀. Àyè lọ́rì wà lórí rẹ̀, àti ti mọ́tò kékeré, ti máṣìnnì, ti kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti kọjá ti kọjá. Sànúsí yí fọ́ọ̀mù náà padà, ó sì fa ìlà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ní àkókò kan náà, ó tún kọjá. Ìró kan náà, ìbéèrè kan náà. Sànúsí ti pinnu láti àárọ̀ pé òun kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dáhùn fún un: "Ó ṣì kù díẹ̀." Nígbà tí ó dìde láti kí ìrun àílà, kò rántí iye rákà tí ó ti kí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbéra láàárọ̀, ó ní òun yóò wọ inú abà lọ béèrè. Ó tẹ̀ lé ọ̀nà náà títí dé ibi odò kan. Afárá onípákó ibẹ̀ ti wó, igi mélòó kan ni ó ṣẹ́kù tí ó yọrí nínú omi. Ní òdìkejì odò, lórí ọ̀nà gan-an, wọ́n ta màrìwò láti ara igi kan dé ara èkejì. Ó ti gbẹ, ó ti di pupa. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ó padà sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò yà sí, títí ó fi rí ọ̀nà tóóró kan tí ó gun orí òkè.

Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn wà. Obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ kòkó, ọkùnrin ru àpò, ìyá àgbàlagbà kan mú ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ti tẹ ọ̀nà náà títí ó fi ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Wọ́n ń gùn ún bí àkàbà, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbọọrọ kan kọjá odò lọ sí ọjà mìíràn. Kí Sànúsí tó dé inú abà, ìka rẹ̀ ti ka mọ́kànlélógójì.

Bàbá Ọlọ́rundáre ni olórí abà náà, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì tí ó wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó ni Sànúsí ti bá a, òun àti àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó. Wọ́n fún un ní omi. Ó sọ ohun tí ó bá wá.

"Ẹ káàbọ̀, ará Òṣogbo," ni Bàbá Ọlọ́rundáre wí. "Ẹ ní wọ́n rán yín wá ka mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Lórí ọ̀nà tí mọ́tò ò lè gbà."

"Ohun tí fọ́ọ̀mù wí nìyẹn, bàbá."

Bàbá yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ìjọba rán èèyàn wá ka ẹja lórí àpáta."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kà," ni obìnrin kan wí láàárín kòkó. "Ṣebí wọ́n ti gbé àga wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sànúsí náà rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ìdí tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá kò fi gba ọ̀nà náà. Ẹ̀rín dá. Ẹsẹ̀ tí ń yí kòkó dúró.

Bàbá Ọlọ́rundáre ni ó sọ ọ́ fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọmọbìnrin kan ní abà náà tí ń jẹ́ Ìbíjọkẹ́ rọbí fún ọjọ́ méjì. Agbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n gbé e lọ sí Iléṣà. Wọ́n ránṣẹ́ pe mọ́tò láti Ẹ̀sà-Òkè, mọ́tò náà sì wá, ṣùgbọ́n odò ti kún, afárá ti wó, kò lè rékọjá. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kan, wọ́n tẹ́ Ìbíjọkẹ́ sórí rẹ̀, ọkùnrin mẹ́jọ gbé e dé ẹ̀bá odò. Wọ́n ń wá ibi tí omi kò ti jìn. Ibẹ̀ ni ó kú sí, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Iná mọ́tò ń tàn sí wọn láti òdìkejì, awakọ̀ ń fọn fèrè pé kí wọ́n máa bọ̀.

"Ibi tí aboyún bá kú sí tòun toyún, ẹsẹ̀ kì í tẹ ibẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹsẹ̀ aboyún ni kò tilẹ̀ gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti wàásù lé e lórí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti ra gbogbo ilẹ̀ padà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìjọ gba orí òkè. Èmi náà gba orí òkè."

"Títí di ìgbà wo, bàbá?"

"Títí gírédà máa fi dé. Bí gírédà bá ti hú ilẹ̀ àtijọ́ dànù, ilẹ̀ tuntun ló kù. Ẹnikẹ́ni ò kú sórí ilẹ̀ tuntun. A lè tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Sànúsí fi ọwọ́ bo ojú. "Bàbá," ni ó wí, "ìjọba ń dúró kí ẹ gba ọ̀nà náà kí gírédà tó wá. Ẹ̀yin náà ń dúró kí gírédà wá kí ẹ tó gba ọ̀nà náà."

 Obìnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá jáde láàárín kòkó. Arúgbó ni, ó gbẹ, ó sì ga. Màmá Fẹ̀hìntọlá ni, ìyá Ìbíjọkẹ́. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé, tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nítorí ìwúwo ikùn rẹ̀.

"Àbúrò rẹ̀ nìyẹn, Àdúràgbèmí. Àwọn méjì ni mo bí. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Agbẹ̀bí ní ọmọ náà dábùú, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, ó ní Iléṣà ni kí a ti bí i. Kò lè gun òkè yẹn, kò lè gorí igi yẹn kọjá odò. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí nìkan ló kù, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́." Ó yíjú sí Sànúsí. "Ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí gírédà dé kí oyún yẹn tó pé oṣù mẹ́jọ."

"Màá sọ fún wọn, mà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù mi ò ní nǹkan kan lórí."

"Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ kọjá lójú yín?"

Sànúsí lè sọ pé rárá. Ó sọ fún Julianah lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu òun, pé òun kò mọ ohun tí ó gbà á lẹ́nu òun.

"Obìnrin kan," ni ó wí. "Ọ̀sán gangan ló máa ń kọjá. Ó ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Aboyún ni."

Bàbá Ọlọ́rundáre dìde. "Jésù," ni ó wí. Obìnrin méjì gbé àwo wọn, wọ́n wọlé. Ìyá Ìbíjọkẹ́ kò mira.

"Ìró wo ló ró?"

"Aláwọ̀ ewé, mà. Ẹyẹ wà lára rẹ̀."

"Èmi ni mo fi bò ó lórí ilẹ̀kùn," ni Màmá Fẹ̀hìntọlá wí. "Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní ṣé Uléṣà kù díẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ó ṣì kù díẹ̀."

Obìnrin náà mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Bí èmi náà ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó béèrè. Mo ní ó ṣì kù díẹ̀, ọmọ mi, ó ṣì kù díẹ̀."

Sànúsí padà sí àtíbàbà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ méje, kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin náà kọjá. Ní ọjọ́ kẹfà, Sànúsí di ojú, ó sì fi ọwọ́ di etí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mira ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó sì mọ̀. Ní ọjọ́ keje, ó kọjá. Ìlà mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ìkarùn-ún dábùú wọn. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Aboyún kan, ẹsẹ̀ lásán. Ó ń lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Kò dé."

Julianah wà nídìí tapuráítà rẹ̀ nígbà tí Sànúsí gbé fọ́ọ̀mù náà fún ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Adétọ́lá. Ẹnjiníà wo iwájú, ó fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá rí ìlà pẹ́ńsù lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Rélùwéè, kí lèyí?"

"Ẹnì kan tó kọjá ni, sà."

"Fọ́ọ̀mù ò béèrè ẹlẹ́sẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Adétọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú. Julianah tẹnu mọ́ ìyẹn fún mi. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí ó ti dé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá àgbà sọ níbẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ yan ọ̀nà, kí wọ́n má wo mọ́tò nìkan, kí wọ́n wo ire tí ọ̀nà náà yóò ṣe fún ará ìlú: ẹni tí yóò tètè dé ọsibítù, ọmọ tí yóò lè lọ sí ilé ìwé. Ó ti ka lẹ́tà náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó fà á yọ báyìí.

"Ẹ jókòó," ni ó wí. "Aboyún tó ń fẹsẹ̀ rin ìrìn báyìí lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni lẹ́tà yìí ń sọ. Mo lè fi èyí gbé e. Mo lè fi ọ̀nà yín ṣe ìkẹta. Àwọn ọ̀gá àgbà á béèrè ẹni náà ṣá o. Kí ló ń jẹ́?"

"Ìbíjọkẹ́, sà."

Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀. "Oyún oṣù mélòó?"

Sànúsí wo orúkọ tí Ẹnjiníà ti kọ. Julianah ní òun rí òógùn tí ó yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ọ̀nà náà ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò ju kí ó dárúkọ oṣù kan lọ.

"Ó ti kú, sà," ni ó wí. "Oṣù kẹjọ ọdún yìí ló kú. Ojú ọ̀nà yẹn náà ló kú sí."

Bíírò Ẹnjiníà dúró lórí ìwé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ó rí ojú Sànúsí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi? Ọ̀nà yín ti fẹ́ wọlé!"

"Ogún ọdún ni mo fi ka wágọ́ọ̀nù, sà. N ò kọ èyí tó ṣófo pé ó rù rí."

"N ò lè kọ òkú sínú ìwé ìjọba."

Ibẹ̀ ni Julianah ti dá sí i. Kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ rí. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́. Ààyè ló wà nígbà tó ń lọ. Ọ̀nà ni ò jẹ́ kó dé. Àwọn tí ọ̀nà ò jẹ́ kí wọ́n kọjá, ṣé wọn kì í ṣe èèyàn ni?"

Ẹnjiníà Adétọ́lá wò ó. Ìbínú kò sí lójú rẹ̀. "Julianah, sọ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka ẹni tí ò kọjá?"

Julianah ní òun kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, òun kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ẹnjiníà fa ìlà pa orúkọ Ìbíjọkẹ́. Ó fún Julianah ní ìwé tí ọ̀nà mẹ́ta wà lórí rẹ̀ pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Abà Ògúnjìnmí kò sí níbẹ̀.

Sànúsí ní òun kò lè jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn máa retí gírédà tí kò ní wá. Julianah gba ààyè ọjọ́ kan, ó sì bá a lọ. Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n kò dé abà oko kankan rí. Mọ́tò Pẹ́jò kan ni ó gbé wọn láti Iléṣà dé ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ rẹ̀ gbà láti dúró dè wọ́n di ìgbà tí oòrùn bá yí. Wọ́n gba orí òkè wọlé. Ọkàn Julianah kò balẹ̀ nítorí bàtà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ.

Nígbà tí Sànúsí sọ ọ̀rọ̀ náà tán, Bàbá Ọlọ́rundáre wolẹ̀. Màmá Fẹ̀hìntọlá nìkan ni ó béèrè nǹkan.

"Wọn ò wá?"

"Wọn ò wá lọ́dún yìí, mà."

Ó wọ inú ilé. Nígbà tí ó jáde, ó gbé àpò aṣọ kan sí èjìká, ọkọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àdúràgbèmí, dìde."

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Bàbá béèrè.

"Mo fẹ́ lọ bá ìjọba ṣe gírédà."

Àwọn ará abà tẹ̀ lé wọn láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n dé ibi màrìwò, wọ́n dúró, wọn kò sún síwájú mọ́. Màmá Fẹ̀hìntọlá fi ọwọ́ fa màrìwò náà já. Àwọn obìnrin figbe ta. Ó tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí i hú ilẹ̀ láti etí ọ̀nà kan dé èkejì, ó ń gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ náà dà sínú odò. Ibi tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn lélẹ̀ ni ó ń hú. Julianah fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́, Bàbá Ọlọ́rundáre dì í mú ní apá.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹlòmíràn ò lè bá a ṣe é."

Ó hú u títí aṣọ ara rẹ̀ fi tutù. Kò sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ pupa tí ó wà nísàlẹ̀ yọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ, ó nà ró, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Àdúràgbèmí gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tẹ ilẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú odò wálẹ̀, omi kò ju orúnkún lọ. Sànúsí di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, Julianah di èkejì mú, wọ́n sì rékọjá. Ní òdìkejì tí wọ́n ti wá, àwọn ará abà kò tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí títì. Oòrùn ti dé àtàrí. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé kọ́rọ́ tí ó kẹ́yìn nígbà tí Julianah rí i pé Sànúsí ti fà sẹ́yìn. Ó gbọ́ tí ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá." Julianah wẹ̀yìn. Ọ̀nà ni ó rí, àti koríko, àti oòrùn.

Màmá Fẹ̀hìntọlá dúró. "Níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́yìn wa, mà," ni Sànúsí wí.  "Ó ń rọra bọ̀."

 Màmá Fẹ̀hìntọlá ti Àdúràgbèmí síwájú díẹ̀, wọ́n sì rìn dé ibi mọ́tò. Ó ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó gbé àpò aṣọ tì í. Julianah wọlé tọ̀ ọ́. Sànúsí jókòó síwájú, kò sì gbójú kúrò lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ wọlé o," ni awakọ̀ wí. "Epo mi ò tó kí n tún padà wá gbé yín."

Màmá Fẹ̀hìntọlá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu fèrèsé, ó wo ojú Julianah. "Mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Má fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"N ò ní fi í sílẹ̀, mà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èyí ti rí ẹni bá a lọ," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò tíì rí."

Mo mọ̀ pé Àdúràgbèmí bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Iléṣà ni wọ́n ti yọ ọ́, ọkùnrin ni, Tóbilọ́ba ni wọ́n sọ ọ́, Julianah sì gbé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni Julianah parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ní Old Garage. Ó ní awakọ̀ ti ń ṣáná sí mọ́tò nígbà tí Màmá Fẹ̀hìntọlá yí padà sí ọ̀nà abà. Àdúràgbèmí bẹ̀rẹ̀ sí i pariwo: "Yèyé! Yèyé mi o!" Obìnrin náà gbọ́, nítorí kò tíì jìnnà. Ó wọ inú oòrùn lọ, ó dé ibì kan, ó dúró díẹ̀, ó sì na apá ọ̀tún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ gbá ẹlòmíràn mú ní ìbàdí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń rìn gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń bá aboyún rìn, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan. Àdúràgbèmí ń pè é títí mọ́tò fi ṣí. Kò bojú wẹ̀yìn.